Ìwé Oníkókó Françoise

Akpakpa, Kútọnu
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1952

Xavier ọmọ mi,

Ṣé o wà láàyè? Mo ń béèrè nítorí pé òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, a kò rí ìwé rẹ. Àwa wà láàyè níhìn-ín. Eékún ń dùn mí, ṣùgbọ́n irin ìlọṣọ mi kò tíì tutù, ebi kò sì pa wá sùn. Clémence àbúrò rẹ ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Aṣọ tó ń rán fún ìyàwó ilé kejì ti sú u, nítorí náà bí ìkọ̀wé rẹ̀ bá wọ́, má bá mi wí.

Ọ̀rọ̀ Françoise ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí èéyi ti fọ́ ọ lójú, etí ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Iwájú ló ń jókòó sí ní kíláàsì. Ohun tí àwọn Masẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ wọn, bá ti sọ, inú orí rẹ̀ ló wọ̀, kò sì jáde mọ́. Ìṣirò ni o, ìtàn ni o, Faransé ni o, àwọn ọmọ tó lójú ló ń wá bi í léèrè nígbà tí wọ́n bá jáde. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ni kíláàsì wọn máa jókòó fún ìdánwò sẹ̀tìfíkà, Masẹ́ẹ̀ àgbà tó jẹ́ olórí ilé-ìwé sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìyá àgbà, ọmọ yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, a kò lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀." Ó ní kí n mú un kúrò tí Nowẹ́lì, ọdún ìbí Jésù, bá dé, kí ó lọ kọ́ agbọ̀n híhun lọ́dọ̀ àwọn kan ní Godomey.

Mo ní, "Agbọ̀n?"

Ó ní, "Iṣẹ́ gidi ni."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. Ṣé gbogbo kíláàsì ló ń lọ hun agbọ̀n ni, àbí ẹyọ kan tó mọ̀wé jù wọ́n lọ?"

Mo jáde.

Ó kan ìwọ wàyí. Ìwọ lo bí i. Ó ti pẹ́ tí o ti wà ní Marseille láàárín àwọn òyìnbó. Ṣé wọn kò ní afọ́jú níbẹ̀ ni? Gbogbo ogun tí wọ́n jà yẹn, ṣé kò fọ́ ẹnikẹ́ni lójú? Kí ni wọ́n fi ń kàwé? Lọ béèrè. Má sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀ ní èbúté. Iṣẹ́ pọ̀ níhìn-ín náà.

Èmi ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́


Marseille
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, 1952

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti inú òtútù yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bínú pé n kò kọ̀wé. Mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Mo béèrè bí ẹ ṣe wí, n kò sì rìn jìnnà. Bàbá kan wà ní òkè ilé tí mo ń gbé, Mùsíé Lucien ni wọ́n ń pè é. Ogun ló fọ́ ojú rẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo ń kí i, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ó ń kàwé. Ìyá mi, ìka ló fi ń kà á! Wọ́n máa ń fi irin ṣóńṣó gún ìwé nínípọn láti ẹ̀yìn, kókó kéékèèké á yọ síwájú. Kókó kan ni A, kókó méjì tó lé ara wọn lórí ni B, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ó kà á fún mi kíákíá bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

Nígbà tí mo sọ ti Françoise fún un, ó gún gbogbo lẹ́tà sórí ìwé, ó fi ìtàn kékeré kan kún un, ó sì fún mi ní irin tó fi ń gún un àti férémù tí wọ́n máa ń há ìwé sí. Dúrótoyè tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun ń padà sílé láàárọ̀ yìí. Mo sáré fi ẹrù náà lé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ká àtẹ̀gùn ọkọ̀. Àyè kò sí láti ṣàlàyé, nítorí náà ọkọ̀ mìíràn ni ìwé yìí yóò bá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Clémence fi ìka Françoise lé orí àwọn kókó náà díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ra kí ohun tó wúwo má bọ́ lé e. Bí kókó náà bá tẹ́, ọ̀rọ̀ ti parẹ́ nìyẹn.

Ọmọ yín,
Xavier


Akpakpa, Kútọnu
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá, 1952

Xavier,

Mo kí ọ. Kò sí àìsàn nílé. Ó ku ẹjọ́.

Dúrótoyè dé, ó gbé ẹrù kan fún mi. Mo wá inú rẹ̀ títí, n kò rí lẹ́tà. Mo ní, "Dúrótoyè, kí ni Xavier ní kí o sọ?" Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ ti fọn fèrè nígbà tó sáré dé. Ohun tí mo gbọ́ kò ju pé ti Françoise ni."

Mo bá férémù irin kan tó ní ojú wẹ́wẹ́ bí asẹ́, mo bá irin ṣóńṣó kan bí èyí tí àwọn aránbàtà fi ń lu awọ, mo sì bá ìwé funfun nínípọn. Ìwé yìí ni mo fẹ́ bá ọ wí lé lórí. Báwo lo ṣe dì í tí omi òkun fi wọ̀ ọ́? Gbogbo ara rẹ̀ sú bí ara ọmọ tí èéyi mú. O mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Nǹkan tó bá rí kókókó kì í wọlé mi kó má kan irin. Mo da aṣọ ọ̀rinrin bò ó, mo fi ẹ̀yín iná tuntun sínú irin, mo lọ̀ ọ́ lẹ́yìn, mo lọ̀ ọ́ níwájú. Ó jọ̀lọ̀ bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì gómìnà.

Mo wá gbé e fún Françoise. Ó fi ọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Clémence wò ó, òun náà kò rí nǹkan. Mo ní kí o wá ohun tí ọmọ yóò fi kàwé, o fi ìwé òfìfo ránṣẹ́ sí afọ́jú. Ṣé orí rẹ pé? Mo ti yangàn fún Masẹ́ẹ̀ àgbà pé ohun tó ń bọ̀ láti Marseille, yóò yà á lẹ́nu. Kí ni kí n gbé lọ fún un báyìí? Nowẹ́lì ti dé tán.

Irin ṣóńṣó náà, mo ti fún Rájí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní ó wúlò fún táyà.

Èmi ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́


Akpakpa, Kútọnu
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, 1952

Xavier ọmọ mi,

A kí ọ kú ọdún tó ń bọ̀. Ìwé tí o kọ ní oṣù kọkànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Clémence ń kà á fún mi. Ó ka ti bàbá òkè ilé, ó ka ti Dúrótoyè, nígbà tó dé ibi tí o ti ní bí kókó bá tẹ́, ọ̀rọ̀ ti parẹ́, ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó ń wò mí.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Màmá, gbogbo lẹ́tà pátá lẹ fi irin lọ̀."

Mo ní, "Ṣé mo sì lọ̀ ọ́ dáadáa?"

Ó ní, "Ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù."

Ó dára. Bí o bá ti ju gbólóhùn kan ṣoṣo sẹ́nu Dúrótoyè, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi náà ti pín sí méjì, gbé tìrẹ, mo ti gbé tèmi. Kò sí àyè láti dúró de òmíràn. Clémence gbé ìwé náà jáde sínú oòrùn àárọ̀, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀ ń dán díẹ̀. Mo lọ gba irin ṣóńṣó lọ́wọ́ Rájí. Rájí ní ohun tí wọ́n bá ti fúnni, wọn kì í gbà á padà. Mo ní kí ó fi ẹjọ́ sùn. Clémence há ìwé sínú férémù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn kókó náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó wá fẹ́ kọ orúkọ Françoise sí ibi tó ṣófo nínú ìwé náà, ọwọ́ òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yí ìwé padà, gbogbo rẹ̀ yí sódì. Ìgbà náà ló yé wa pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí á ti máa gún un bọ̀ sí òsì, torí pé ẹ̀yìn ìwé là ń gún. Ó ń fi èyí kọ́ Françoise nínú àgbàlá nígbà tí Ìdíátù tó ń ta ọṣẹ wọlé. O mọ̀ ọ́n, ìyàwó Mùílíù ni. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyá Àgùdà, ẹ kú oríire! Ọmọ yín ti ń kọ kéwú!"

Mo ní, "Kéwú ibo?"

Ó ní, "Ṣebí apá ọ̀tún ló ti ń bọ̀. Ẹ má fi pamọ́ fún wa, ẹsẹ̀ yín ti wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí."

Mo ní, "Ìdíátù, bí Masẹ́ẹ̀ àgbà bá gbọ́ ọ, yóò dákú." Ó rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi fẹ́ dà nù.

Mo gbé férémù náà lọ bá Masẹ́ẹ̀ àgbà. Ó gbà pé kí ọmọ ṣì máa bọ̀. Wọ́n máa ti ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ jókòó ní ìparí oṣù karùn-ún. Fi ìwé nínípọn ránṣẹ́, kí ó pọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́


Akpakpa, Kútọnu
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin, 1953

Xavier ọmọ mi,

Ìwé nínípọn dé, o ṣeun. O dì í dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ara wa le. Irin jó mi ní ìka, ó ti san.

Françoise ń kàwé. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ń kọ ọ́ náà. Tó bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tó-tó-tó lo máa gbọ́ bí ẹyẹ tó ń ṣá igi. Ohun tí wọ́n bá kọ́ wọn ní kíláàsì, kókó ló fi ń gbà á sílẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Clémence náà ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú lòun fi ń kà á.

Síbẹ̀ Masẹ́ẹ̀ àgbà ní kò tíì tó. Ó ní, "Ta ni yóò ka àwọn kókó yìí lọ́jọ́ ìdánwò? Àwọn tó ń fún wọn ní máàkì kò mọ̀ ọ́n." Clémence ní òun yóò kà á. Masẹ́ẹ̀ àgbà ní, "Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ìwọ. Wọ́n á ní ìwọ lo bá a ṣe é. Ta ló sì mọ̀ bóyá kì í kà á, bóyá ó kàn há a sórí ni?" Ó ní òun kò lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà, àyàfi òyìnbó alábẹ̀wò ilé-ìwé.

Clémence lọ sí búrò, ibi iṣẹ́ òyìnbó náà. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lé e. Ó tún lọ, wọ́n tún lé e. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń fọ aṣọ òyìnbó yìí, èmi ni mo ń lọ̀ ọ́. Aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kí àwọn àlejò ńlá tó ń bọ̀ láti Dakar wà lọ́dọ̀ mi, mo ti fi omi ẹ̀gẹ́ mú un le. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá wá gbà á, màá ní kí ọ̀gá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó máa wá. Òyìnbó kì í fi pátá kí àlejò.

Bí wọ́n bá gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Clémence yóò kọ̀wé sí ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́


Marseille
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, 1953

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín nílẹ̀ tí mo wà. Ọkọ̀ òfuurufú ni mo fi ìwé yìí rán kó lè tètè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá aṣọ òyìnbó padà!

Ẹ rò ó wò. Bí ó bá bínú, tó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá fún yín? Aṣọ wọn ni oúnjẹ ilé. Bí wọ́n bá sì lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé pátápátá ńkọ́? Mùsíé Lucien ní kí á ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ kò gbìyànjú. Nígbà tí mo sọ ti aṣọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní bí ẹ bá wà nínú ogun wọn, ogun ì bá ti tètè parí. Ṣùgbọ́n èmi, n kò rí ẹ̀rín rín. Ẹ fi ìlà kan kọ̀wé sí mi pé ẹ ti dá a padà.

Ọmọ yín,
Xavier


Akpakpa, Kútọnu
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 1953

Xavier ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìwé rẹ fò dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti fò kọjá rẹ̀.

Òyìnbó wá. Mọ́tò rẹ̀ gba orí afárá bọ̀, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Rájí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata gígún. Clémence ló ń túmọ̀.

Ó ní, "Aṣọ mi dà?"

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mùsíé."

Ó dúró. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀."

Mo ní, "Aṣọ yín ló kọ́ síbẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Àwọn ènìyàn yín lé ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá nìyẹn. Ẹ wo ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà kí ẹ tó lọ."

Françoise ti dìde. Òyìnbó bi í pé kí ló ń gún. Ó dá a lóhùn ní Faransé pé ẹ̀kọ́ ìtàn tí wọ́n kọ́ wọn ni. Ó ní kó kà á. Ó fi ìka kà á láti òkè dé ilẹ̀. Òyìnbó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, ó ní, "Ó há a sórí ni." Ọ̀rọ̀ Masẹ́ẹ̀ àgbà gan-an.

Mo ní, "Clémence, sọ fún un kó pe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí nílé yìí. Kí ìwọ bọ́ síta. Tí ó bá pè é tán, kí ó gbé ìwé náà wá bá ọ, kí á mọ ẹni tó há nǹkan sórí."

Clémence lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rájí. Òyìnbó ní kí awakọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e kó má bàa yọjú. Ó fa ìwé ìròyìn tó bá ọkọ̀ òkun dé yọ nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún Françoise. Èmi kò gbọ́ Faransé, òun kò gbọ́ èdè wa, nítorí náà èmi àti rẹ̀ kàn ń wo ara wa ni, ìró tó-tó-tó nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e lọ bá Clémence láàárín àwọn táyà. Clémence tú u sórí ìwé lórí orókún rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré gun òkè ni. Rájí ní iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn.

Òyìnbó gbé méjèèjì síra wọn. Ó rí àṣìṣe kan, ó sì padà wọ àgbàlá bí ẹni tó mú olè, Clémence ń tẹ̀lé e. Ó ní kí Françoise ka lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà fún un níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ fi ìka wá a, ó kà á. Ó rí bó ṣe yẹ kó rí. Clémence ló ṣì í kọ. Clémence kò fẹ́ kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé. Mo ní kó kọ ọ́.

Òyìnbó wo ìwé náà. Ó fi ìka tirẹ̀ pa á, ó di ojú, ó tún pa á, ó la ojú. Ó ní, "Yóò jókòó." Ó ní wọ́n á fi Clémence sí yàrá ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, kí ó máa tú ohun tí ọmọ bá gún. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó wo ojú ìlà ṣòkòtò, ó ní iṣẹ́ náà dára. Mo ní mo mọ̀.

Masẹ́ẹ̀ àgbà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró tì í títí tó fi kọ ọ́ tán.

Èmi ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́


Marseille
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1953

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka ìwé yín fún Mùsíé Lucien, ó ní kí n tún un kà. Mo jẹ̀bi, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bí Françoise bá wá fìdí rẹmi ńkọ́? Kò ní jẹ́ bíi ti ọmọ mìíràn tó fìdí rẹmi. Wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, afọ́jú ni." Wọn kò sì ní gba ẹlòmíràn láyè lẹ́yìn rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀.

Ọmọ yín,
Xavier


Akpakpa, Kútọnu
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje, 1953

Xavier,

Ó yege.

Mo fi í ṣáájú ìkíni kí o má bàa máa fo ìlà. Ṣé àlàáfíà ni o wà?

Inú àgbàlá ilé-ìwé ni wọ́n ti ka orúkọ, láti orí ẹni tó gba máàkì jù wá sílẹ̀. Èrò kún ibẹ̀ dé títì. Françoise di ìró aṣọ mi mú. Masẹ́ẹ̀ àgbà kò kà jìnnà tó fi pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde tó.

Mo ní, "Masẹ́ẹ̀, etí mi wúwo."

Ó tún un pè.

Mo ní, "Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé èmi ni, ó sì rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó wá pe orúkọ ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláàárù tó ń kọjá ní títì fi yíjú. Kò sí nǹkan tó ṣe etí mi.

Nígbà tí a dé Akpakpa, Ìdíátù ti gbọ́. Ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé ọmọ oníkéwú dé. Rájí ń lu aago gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti tirẹ̀ àti ti oníbàárà. Clémence sunkún, ó ní eruku ni. Françoise jẹ ẹran méjì, ó sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. O bẹ̀rù pé wọn kò ní gba ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ afọ́jú méjì ń bọ̀ láti Agblangandan nígbà tí wọ́n bá wọlé padà. Masẹ́ẹ̀ àgbà fúnra rẹ̀ ló wá sílé mi wá bẹ Clémence kí ó máa wá kọ́ wọn. Mo jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ dáadáa kí Clémence tó gbà.

Ìwé tí o rí tí a dì mọ́ èyí, Françoise ló kọ ọ́ sí ọ. N kò jẹ́ kí Clémence tú u. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, n kò sì bi í. Láti òní lọ, bí o bá fẹ́ gbúròó ọmọ rẹ, ọwọ́ ọmọ rẹ ni kí o ti gbọ́ ọ. O gbọ́ Faransé, o mọ Yorùbá kọ, ṣùgbọ́n níbi kókó yìí, púrúǹtù bíi tèmi ni ìwọ náà. Mùsíé Lucien wà lókè ilé rẹ. Má gbé e fún un pé kó kà á fún ọ. Gun àtẹ̀gùn lọ bá a, kí o jókòó, kí o ní kó kọ́ ọ. Ọmọ ń retí èsì, ìka rẹ̀ ló sì máa fi kà á.

Èmi ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́